Àmì tí mo fi sí oríta

Sátidé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán nígbà tí mo jáde nínú igbó. Ẹsẹ̀ ń ro mí, àmọ́ n kò fẹ́ sùn kí n tó kọ èyí sílẹ̀.

Láàárọ̀, kí n tó wọ abẹ́ igi, mo kọ́kọ́ dúró ní gbangba, mo gbé ẹ̀rọ GPS mi lé àtẹ́lẹwọ́ kí ó lè rí ojú ọ̀run dáadáa. Sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó kéré tán, ló gbọ́dọ̀ rí kí ó tó lè sọ ibi tí mo wà àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè ni wọ́n wà. Kí ìgbì rédíò wọn tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ewé tútù lásán sì lè dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi kánjú níbi àkọ́kọ́ yẹn.

Nídìí àpáta gíga kan, mo jókòó, mo mu omi, mo sinmi fún ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tí mo wojú ẹ̀rọ, ìlà tó fi ń ya ibi tí mo rìn ti lọ́ mọ́ra bí òwú tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé. Èmi jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ ní mò ń rìn! Àpáta ló fà á. Ìgbì náà ń kọ́kọ́ lu ara àpáta kí ó tó ta dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀nà rẹ̀ gùn sí i, ẹ̀rọ sì rò pé ibòmíràn ni mo wà.

Ní àbọ̀ ni ọ̀rọ̀ wá le. Mo dé oríta kan tí ọ̀nà méjì ti ya, wọn ò jìnnà síra wọn rárá. Ìlà mi gba àárín méjèèjì kọjá, ibi tí kò sí ọ̀nà kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń lọ, mo ti dúró níbẹ̀, mo yíjú padà wo bí ibẹ̀ yóò ṣe rí lójú mi tí mo bá ń bọ̀, mo fi àmì sí i lórí ẹ̀rọ, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Igi wíwó, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.” Mo wá igi wíwó náà, mo rí i, ọkàn mi balẹ̀.

Títí di oṣù karùn-ún 2000, ńṣe ni ìjọba Amẹ́ríkà, tó ni àwọn sátẹ́láìtì GPS, ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìgbì wọn rú fún aráàlú, àṣìṣe rẹ̀ sì lè tó 100 mítà. Mo ń ro ẹni tó dúró ní irú oríta yìí nígbà náà. Ojú rẹ̀ ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ní báyìí, mo ti gbé fáìlì GPX, èyí tí ẹ̀rọ fi ìlà ìrìn mi pamọ́ sí, sórí kọ̀ǹpútà, mo ti gé gbogbo ibi tó lọ́ ní ìdí àpáta kúrò. Oríta kejì wà tí mo sáré kọjá láìfi àmì sí. Màá padà lọ síbẹ̀.