Ilé Kékeré Wo Ló Yẹ Ojú Irin Àwòṣe Yín?
Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹwà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. HO, orúkọ ìwọ̀n àwòṣe kan, jẹ́ 1:87, ìyẹn ni pé ohun gidi gùn ní ìlọ́po 87 ju àwòṣe rẹ̀ lọ. OO ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 1:76, ṣùgbọ́n orí irin kan náà ni méjèèjì ń rìn; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí ilé HO á kéré jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ OO. Ẹ fi rúlà wọn ilẹ̀kùn: ilẹ̀kùn mítà 2 gbọ́dọ̀ tó mìlímítà 23 ní HO.

Ilé iṣẹ́ tó gùn ní mítà 60 á gba sẹ̀ǹtímítà 69 ní HO. Tábìlì ta ló gbà á? Ẹ ra ojú ilé nìkan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ẹ̀yìn.

Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ gé páálí tó ga tó sì fẹ̀ bí ilé náà, kí ẹ gbé e dúró síbi tí ilé náà máa wà, kí ẹ wa ọkọ̀ tó gùn jù lọ kọjá, kí ẹ rí i pé kò kàn án. Ní kọ́nà, àárín ọkọ̀ máa ń yọ sínú, orí àti ìdí rẹ̀ á yọ síta.