Omi kí ni? Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ kòrónà àti àwọn káàdì tí mo láminéètì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn, ẹ má bínú, iṣẹ́ ló bò mí mọ́lẹ̀, láti ìparí Nòfẹ́ńbà 2021 ni ṣọ́ọ̀bù mi ní Alágbàká l'Ákùúrẹ́ yìí ti ń kún fọ́fọ́ bí ẹni pé mò ń pín ìrẹsì ọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé fọ́tòkọ́pì, títẹ lẹ́tà, bíbá àwọn ọmọ ṣe fọ́ọ̀mù JAMB, ìyẹn niṣẹ́ mi, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí abẹ́rẹ́ kòrónà ló gba ipò JAMB. Ìjọba àpapọ̀ ló fà á. Wọ́n ní tó bá ti di 1 Disẹ́ńbà 2021, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ò bá ní káàdì abẹ́rẹ́, tí ò sì mú èsì tẹ́ẹ̀sì tí ò tíì ju wákàtí 72 lọ dání, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì. Ẹ sì mọ iye òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú yìí, ti FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wa, nìkan ńkọ́. Àwọn tó ti ń fi abẹ́rẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti oṣù kẹta, ìgbà tí 3.94 mílíọ̀nù abẹ́rẹ́ AstraZeneca àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá, àwọn náà ló ń bá mi lẹ́nu ọ̀nà ní aago méje àárọ̀, "Búrọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rẹ́jísítà kíákíá, kí n lè gba nọ́ḿbà."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Omicron dé.

24 Nòfẹ́ńbà ni àwọn ará South Africa sọ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé àwọn rí oríṣi kòrónà kan tí àwọn ò rí irú ẹ̀ rí, nígbà tó máa fi di 26 wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́tà àwọn Gíríìkì ni wọ́n fi ń sọ wọ́n lórúkọ, Alpha, Beta, Delta, títí ó fi kan èyí. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, orúkọ yẹn jìyà. Ìyá alákàrà tó wà níwájú wa ní, "Omi kí ni?" Ẹnì kan ń pè é ní Omikúrónì. Bàbá Tísà, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì ó lé lọ́dún mẹ́wàá, tí wọ́n máa ń wá ka ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ mi, tún un ṣe fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, O-mí-kí-rọ́n, bí ẹni ń kọ́ àwọn ọmọ pírámárì wáànù. Ìyá alákàrà ní omi yòówù kó jẹ́, òun ò mu níbẹ̀.

Ibi tó wá burú sí ni pé 1 Disẹ́ńbà, ọjọ́ kan náà tí òfin káàdì bẹ̀rẹ̀, ni NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, kéde pé Omicron ti wọ Nàìjíríà, pé àwọn rí i lára àwọn tó ti South Africa dé. Ọjọ́ kan náà! Ẹ ò lè mọ nǹkan tí etí mi gbọ́. Ọ̀gá kan dúró ti pírínta mi, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́. Torí àwa tá ò fẹ́ gbabẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe gbé eléyìí wá." Mo ní ọ̀gá, South Africa ni wọ́n ti rí i o, àwọn yẹn ò mọ̀ pé ẹ ò tíì gbabẹ́rẹ́ l'Ákùúrẹ́ níbí. Ó wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni pé èmi náà ti gbowó lọ́wọ́ ìjọba.

Mi ò dá a lẹ́bi tán ṣá. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní 2020 pé kó jókòó sílé, oúnjẹ ń bọ̀, tó wá di Òkítóbà tó ń wò ó lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń já ilẹ̀kùn wíáháòsì káàkiri ìpínlẹ̀, tí oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà ọ̀hún kún ibẹ̀ fọ́fọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí onítọ̀hún sá wá na apá nígbà tí ìjọba kan náà ní òun gbé abẹ́rẹ́ dé? Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀wé, torí ọ̀gá tí mò ń sọ yìí, dígírì méjì ló ní, èmi ni mo tẹ CV ẹ̀.

Àmọ́ kéèyàn wá ní kòrónà ò sí, ní Àkúrẹ́ níbí? Rárá o. 30 Júùnù 2020 ni Gómìnà Akeredolu fẹnu ara wọn sọ pé àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ní in, ó di 2 Júláì, Dókítà Wahab Adegbenro, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera wa, tó ń ṣáájú ìjà kòrónà ọ̀hún gan-an ní ìpínlẹ̀ yìí, ló jáde láyé. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ kankan nígbà yẹn. Mo rántí pé Bàbá Tísà ò ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kàn ká a mọ́ abíyá, wọ́n jókòó.

Nígbà tó di 6 Disẹ́ńbà ìlú ọba fi Nàìjíríà sínú rẹ́ẹ̀dì lísìtì. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n bá tiẹ̀ gbà kó wọlé, á kọ́kọ́ lọ há mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ 10, á sì san £2,285. Àǹtí kan tí ọmọ wọn ti gba admission fún Jánúárì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n ní kí n fi kalikulétọ̀ ṣẹ́ ẹ sí náírà fáwọn, mo ṣẹ́ ẹ, wọ́n ní kí n tún un ṣẹ́. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó wá a, tí wọ́n rí i, tí wọ́n sì sọ, ni wọ́n ń jẹ níyà, nígbà tí Omicron ti ń rìn nílùú wọn fúnra wọn. Aṣojú wa níbẹ̀ nígbà yẹn, Sarafa Tunji Isola, sọ ọ́ lórí BBC pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni, apartheid ìrìnàjò ni, Guterres ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà ti sọ irú ẹ̀ ṣáájú. 15 Disẹ́ńbà ni wọ́n yọ wá pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́wàá yòókù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Àǹtí yẹn ní ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ò mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbọ́ jù ní Disẹ́ńbà ni, "Ṣé abẹ́rẹ́ tí mo gbà yìí ń ṣiṣẹ́ fún Omicron?" Wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kéèyàn kàn tí i ká máa lọ. Ó kan èmi náà, torí AstraZeneca ni mo gbà, lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá lo dátà òru láti kà á. Ohun tó yé mi ni pé àwọn nǹkan ṣóńṣó tó wà lára kòkòrò yìí, èyí tó fi ń di ara èèyàn mú, òun ni àwọn abẹ́rẹ́ wa fi kọ́ ara pé "ẹ mọ eléyìí o, ọ̀tá ni." Omicron wá yí ibi tó lé ní 30 padà lára ṣóńṣó yẹn. Nítorí náà, àwọn ọmọ ogun ara wa tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò tètè dá a mọ̀, ó ń ráyè wọlé, àmọ́ àwọn mìíràn ṣì wà nínú ilé tí wọ́n mọ̀ ọ́n láti ibòmíì. Mo ń ṣàlàyé ẹ̀ lọ́wọ́ ni télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dá sí i, ó ní "Ṣé pé ó lọ pààrọ̀ aṣọ? Mo ti wọn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó wọ ohun tó bá wù ú, mo mọ ìbàdí ẹ̀." Ẹ ò ní gbà á gbọ́, mi ò tíì ka èyí tó yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

14 Disẹ́ńbà ni Discovery Health, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera kan ní South Africa, gbé iye ààbò tí abẹ́rẹ́ ń fúnni jáde, lórí àwọn tó gba abẹ́rẹ́ Pfizer méjì. Ti kéèyàn má kó o rárá ti já sí 33 nínú 100. Ti kéèyàn má dé ọsibítù, 70 nínú 100, èyí tó jẹ́ 93 kí Omicron tó dé. Ó já wálẹ̀, mi ò ní parọ́. Ti AstraZeneca tiwa tiẹ̀ tún kéré sí i, àwọn òyìnbó London rí i pé lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́ mọ́ kó má mú èèyàn, àfi kéèyàn gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìgbà yẹn ló tún gbé sókè. Ṣé ẹ mọ èyí tó dé orí WhatsApp gbogbo wa nínú méjèèjì? 33 yẹn ni. 70 ò rí dátà rà.

Ẹ̀rù ò wá bà mí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, torí èmi ò gbabẹ́rẹ́ nítorí kí n má hú ikọ́. Mo gbà á nítorí ọ́síjìn.

Àmọ́ ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́nì kan lẹ́yìn 22 Disẹ́ńbà, ọjọ́ tí wọ́n lọ fọ́ abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó ti ẹ̀sípáyà, ó lé ní mílíọ̀nù kan, dànù ní Àbújá. "Ẹ rí i! Ẹ̀sípáyà ni wọ́n ń gún fún wa!" Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀sípáyà ni wọ́n ò gún fún yín, ìdí tí wọ́n fi fọ́ ọ nìyẹn. Àwọn tó fún wa ni mo bínú sí, tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ pamọ́ títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó rántí wa.

Kí n má gbàgbé, àwọn kan wá bá mi pé kí n bá àwọn tẹ káàdì lásán. Ọ̀kan ní òun á fún mi ní ₦5,000. Mo ní bọ̀ọ̀dá, ohun dúdú tí wọ́n ń fi fóònù yẹ̀ wò lára ẹ̀ ńkọ́, ṣé èmi náà ni máa yà á? Ó ní "Ìwọ ṣáà yà á." Mi ò yà á o. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó padà wá, apá òsì ẹ̀ ò ṣe é gbé sókè, ó na káàdì tòótọ́ sí mi, ó ní kí n bá òun láminéètì ẹ̀.

Láminéètì yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń láminéètì káàdì abẹ́rẹ́ fáwọn èèyàn, ₦150, ó ń dán gbinrin, inú oníkálukú ń dùn. Mi ò ronú kàn án pé nọ́ọ̀sì máa kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì sórí ẹ̀. Nígbà tó di Júùnù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà sí mi láti ọsibítù, bírò ò kọ lórí ọ̀rá, ẹni tó bá fi máákà kọ ọ́ á nù ún kúrò kó tó délé. Mo dẹni tó ń fi bíléèdì ya ohun tó gbowó dì. Ìyá alákàrà ní iṣẹ́ ajé mi ti pé, mò ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì, irọ́ ni o, ọ̀fẹ́ ni mo ń ya á.

Kérésì ni mo relé lọ bá Bàbá mi ní Ìdànrè. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, kẹ́ ẹ tó bi mí. Àbúrò mi jókòó, ó ń ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, pé abẹ́rẹ́ ò ràn Omicron, pé ẹni tó gbà á àti ẹni tí ò gbà á, ọgba ni wọ́n. Bàbá ń fi ọ̀bẹ ha èékánná wọn, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ọjọ́ wo lo rí mi tí mo fín oògùn sí kòkó lásìkò òjò, tí ẹyọ kan ò dúdú?"

Àbúrò mi dákẹ́.

"Mi ò fín in kí ẹyọ kan má bàjẹ́. Mò ń fín in kí oko má lọ ni. Òjò rọ̀, ó fọ̀ ọ́ dànù, mo tún gbé sípíréyà kọ́ ẹ̀yìn. Ta ló wá bá mi lóko pé ṣé oògùn ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

Wọ́n wá bi wá pé ọdún tí Ìyá wa wà lọ́sibítù tí àwọn ò ráyè fín in rárá, àpò mélòó la kó. Gbogbo wa la rántí. Méjì. Oko tó máa ń kó wa jókòó sídìí sísá kòkó títí ọdún fi ń parí. Mo ṣì rántí òórùn àwọn tó jẹrà lórí igi, dúdú, ó tún wá hu funfun lára, tó o bá fọwọ́ kàn án á rọ̀.

Ibi tí ti Bàbá ò bá ti kòrónà mu ni pé kòkó kì í lọ òwàǹbẹ̀. Disẹ́ńbà yẹn, ẹni tó bá dé'bi ìnáwó l'Ákùúrẹ́ tó rí èèyàn márùn-ún tó lo ìbòmú, kó wá gba fọ́tòkọ́pì ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ mi. Gbogbo wa la ń húkọ́ lẹ́yìn ọdún, gbogbo wa ní ọyẹ́ ni. Ó lè jẹ́ ọyẹ́. Èmi náà sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò ṣe tẹ́ẹ̀sì, ká tiẹ̀ ní mo ṣe é, ti wíwò bóyá Omicron ni, iṣẹ́ àwọn lábù ńlá bíi ti Yunifásítì Redeemer's l'Ẹ́dẹ nìyẹn, àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Happi tó kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò kòrónà tán ní Áfíríkà lóṣù kẹta 2020. Mo mu ọbẹ̀ ata, mo dìde.

10 Disẹ́ńbà ni wọ́n ti ní kí ẹni tó bá ti pé oṣù mẹ́fà wá gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá sì ti gba ẹlẹ́ẹ̀kejì tiwọn ní Júùnù. Lẹ́yìn Kérésì mo wà wọ́n wá sí Àkúrẹ́. Wọ́n ti wọ bùbá funfun, káàdì wọn wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú rìsíìtì ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó yí i sí iwájú, ó yí i sí ẹ̀yìn.

"Bàbá, ta ló láminéètì eléyìí?"

Bàbá fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi.

Mo ti mú bíléèdì lọ́wọ́ láti ilé, mo mọ ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì, mo ń gé e létí díẹ̀díẹ̀, àwọn tó wà lórí ìlà ń wò mí bí ẹni tó ń ji nǹkan. Ó ya díẹ̀ níbi orúkọ. Nọ́ọ̀sì ní ó ṣì ṣe é kà, ó kọ ti ọjọ́ náà sí i, ó gún wọn lábẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n jókòó díẹ̀. Bàbá gba káàdì wọn, wọ́n wo ibi tó ya, wọ́n wò mí, wọ́n ní tí mo bá fẹ́ tún un láminéètì, àwọn ò ní san ₦150 kankan.