Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń gé bébà nínú ilé: ẹ wo abẹ àti màátì ná

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tí áàpù ń darí gé káàdì ìkíni àti sítíkà nínú ilé, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀ mọ̀ ni pé, nígbà tí iṣẹ́ bá ń bàjẹ́, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ̀bi. Abẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ àti màátì alẹ̀mọ́ tí a ń tẹ́ bébà lé ni mo sábà máa ń ká ọ̀ràn náà mọ́ lọ́wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ní ogójì káàdì láti gé, gbogbo igun òdòdó tó wà lójú káàdì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Mo fi kún agbára tí ẹ̀rọ fi ń tẹ abẹ, ó tún ya sí i. Mo dín eré rẹ̀ kù, kò yàtọ̀. Mo fi abẹ tuntun sí i, ibi tí a wà náà la tún wà. Páálí mọ́kànlá ti ṣòfò kí n tó tú ilé abẹ wò lábẹ́ iná, tí mo sì rí fọ́nrán bébà kan tí kò nípọn ju irun orí lọ, tó há sínú ihò tí ọrùn abẹ ń gbà wọlé. Mo fi ẹ̀mú kékeré yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò náà, káàdì kejìlá sì jáde láìní àbùkù kankan.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí abẹ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í dúró gbagidi bí abẹ tí a fi ọwọ́ dì mú. Ẹnu rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa wọ́ ọ tẹ̀ lé ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí táyà kéékèèké abẹ́ àga ṣe máa ń yí sí ibi tí a bá ti àga náà sí. Nígbà tó bá dé igun, abẹ gbọ́dọ̀ yí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìdọ̀tí bá há a mọ́, kò ní lè yí, yóò sì fa bébà ya dípò kó gé e. Nítorí náà, bí ìlà gbọọrọ bá ń gé dáadáa, tó jẹ́ pé igun nìkan ló ń ya, ilé abẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Mo tún máa ń ṣù fọ́ìlì róbótó, màá sì fi abẹ gún un ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn kan gbà pé èyí ń pọ́n abẹ; lójú tèmi, gọ́ọ̀mù àti ìdọ̀tí ẹnu rẹ̀ ló ń yọ kúrò, abẹ tó bá sì ti kú, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́.

Bí ìparí ìlà kò bá pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bébà ti yẹ̀, màátì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le ni mo fi ń fọ tèmi, màá sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́, torí pé fọ́nrán aṣọ ìnura yóò lẹ̀ mọ́ ọn ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí iṣẹ́ tí ẹ ti gé, ẹ dojú màátì délẹ̀, kí ẹ ká màátì kúrò lára bébà. Bí ẹ bá fa bébà kúrò lára màátì, ó máa ká kòròkòrò.

Ẹ má ṣe gé odidi iṣẹ́ láìkọ́kọ́ gé dánwò. Igun mẹ́rin kékeré tí igun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ ti tó. Ní ti vinyl, ìyẹn ọ̀rá alẹ̀mọ́ tí a fi ń ṣe sítíkà, abẹ kò gbọ̀dọ̀ la bébà ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá bó vinyl náà kúrò, ipa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yẹ kí ẹ rí lára bébà ọ̀hún. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé kékeré tí mo ń kọ ọ́ sí ti gbà mí lọ́wọ́ òfò ju ohunkóhun mìíràn tí mo rà lọ.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ àwòrán sórí bébà kí ẹ̀rọ tó gé e, tí ẹ̀rọ kò sì rí àmì dúdú inú igun bébà náà tó fi ń mọ ibi tí yóò gé, ó lè jẹ́ pé dídán bébà ló ń ta á lójú. Sẹ́lótéèpù tí kò dán, tí mo lẹ̀ mọ́ orí àmì wọ̀nyẹn, ló yanjú tèmi.

Bí iṣẹ́ bá sì jáde ní ìwọ̀n tí ẹ kò fi ránṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí áàpù tí ẹ fi yà á máa ka ẹyọ àmì tíntìntín inú àwòrán (pixel) 96 sí íǹṣì kan, kí èyí tó ń darí ẹ̀rọ sì máa ka 72. Ohun tí ẹ yà ní íǹṣì 3 yóò wá di íǹṣì 4. Mo máa ń wo gígùn rẹ̀ nínú áàpù ẹ̀rọ náà kí n tó tẹ́ bébà sórí màátì.