Ìtara Láti Jẹ́rìí Kristi: Kí Ó Bẹ̀rẹ̀ Nínú Ilé

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa ní Àjàṣẹ́ tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, bí oníwàásù bá ti bá wa wí pé a kì í jẹ́rìí tó, ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde ní òwúrọ̀ Sátidé, a ó pín ìwé pélébé fún àwọn tí ń lọ sí ọjà Wàǹdó, nígbà tí yóò bá sì fi di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo rẹ̀ a ti rọlẹ̀. N kò bẹnu àtẹ́ lu ìwàásù ìta gbangba, nítorí mo mọ àwọn tí wọ́n gba Jésù gbọ́ nípasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ìtara tí ìbáwí bí kì í pẹ́ kú, àti pé èyí tí ń tọ́jọ́ a máa ti inú ọpẹ́ wá, àti láti inú ìfẹ́ sí ẹnì kan tí a mọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Áńdérù rí Jésù, Símónì arákùnrin rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wá lọ. Ọkùnrin tí Jésù lé ẹ̀mí èṣù jáde lára rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ará Gádárà fẹ́ bá a wọ ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n Jésù kò gbà fún un. Ó ní kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀ kí ó sì sọ ohun ńlá tí Olúwa ṣe fún un. Kò sí èyí tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú àwọn méjèèjì kí ó tó sọ̀rọ̀. Ní ìlú wa yìí pẹ̀lú, gbẹ́nàgbẹ́nà ni Samuel Bilehou Oschoffa nígbà tí ó dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni lè rò nípa ẹ̀kọ́ ìjọ náà. Ẹni tí ó bá ń rántí lójoojúmọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún òun kò ní ṣàìrí ọ̀rọ̀ sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń ka oore Rẹ̀ sókè kí n tó sùn, kí etí mi lè gbọ́ ọ.

Ilé ni ó le jù. Nínú agbo ilé kan ní Àjàṣẹ́, ẹ̀gbọ́n lè máa kírun, kí àbúrò máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí bàbá àgbà sì máa bọ òrìṣà ìdílé, síbẹ̀ kí gbogbo wọn jọ jókòó níbi ìsọmọlórúkọ. Àwọn wọ̀nyí mọ ìbínú wa, wọ́n mọ gbèsè tí a jẹ, nítorí náà ẹnu wa a máa wúwo níwájú wọn. Samuel Àjàyí Crowther tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ẹrú ti yà wọ́n. Kò fi ipá mú un. Ìyá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń rí ìwà rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́, ọdún 1848 ni ó sì tó ṣe ìrìbọmi. Ní ọdún 1853, Crowther wá sí Kétu níhìn-ín láti sọ̀rọ̀ Kristi níwájú Alákétu. Mo fẹ́ràn bí àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe tẹ̀lé ara wọn: ọ̀dọ̀ ìyá ló kọ́kọ́ dé kí ó tó dé ààfin Kétu.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ń ta àkàsà, Mùsùlùmí ni, mo sì ti ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà fún ìgbà pípẹ́. Àdúrà náà kọ́kọ́ yí èmi padà: mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà rẹ̀ tọkàntọkàn, mo ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìwá àyè tí n óò fi wàásù. Nígbà tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n bá òun gbàdúrà ní orúkọ Jésù. Ọmọ náà gbádùn, ìyá sì bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Kò tíì di Kristẹni. Mo ṣì ń gbàdúrà fún un, a sì ṣì ń sọ̀rọ̀.

Àpọ́sítélì Pétérù sọ pé kí a máa fi ìwà pẹ̀lẹ́ àti ọ̀wọ̀ dáhùn ẹni tí ó bá béèrè ìdí ìrètí wa. Ẹni tí ó ń bú ìsìn bàbá ọmọ níwájú ọmọ kò ní ọ̀wọ̀ yìí, bí ó ti wù kí ìtara rẹ̀ pọ̀ tó. Èdè pẹ̀lú ṣe pàtàkì: bí a bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ìgbàlà ní Faransé nígbà tí ó jẹ́ pé Yorùbá tàbí Ègùn ni ó fi ń gbàdúrà, a ti sọ ọ́ di àlejò nínú ọ̀rọ̀ tí ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ tutù lórí ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ dúró títí tí yóò fi gbóná kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó bẹ Ọlọ́run fún orúkọ ènìyàn kan, kí ó máa gbàdúrà fún onítọ̀hún lójoojúmọ́, kí ó sì ṣe é lóore tí ó bá wà níkàwọ́ rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá béèrè ohun tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, kí ó lọ wádìí lọ́wọ́ olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀, kí ó sì padà lọ fún un ní èsì.