Búkà ò gbọdọ̀ kú sínú ọ̀wọ́n gógó yìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta oúnjẹ, ọ̀rọ̀ yín ló wà lẹ́nu mi. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní May 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà bọ́ sórí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó tún wá kọjá 1,000 kí October 2024 tó parí, kò sí nǹkan tó ń wọ ìkòkò tí ò gbówó lórí. Ní June 2024, àjọ NBS, tó ń kó ìṣirò jọ fún ìjọba àpapọ̀, ní owó oúnjẹ fi bíi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tó ṣáájú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó oṣù àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ yín ò sì lé tó yẹn.

Ohun tí mo wá ń rí káàkiri ni pé wọ́n á fowó kún oúnjẹ, wọ́n á tún yọ́ gé àmàlà kéré, wọ́n á bomi la ọbẹ̀. Oníbàárà mọ̀ o! Kò ní bá yín jà, kò kàn ní wá mọ́ ni.

Tèmi ni pé ẹ jẹ́ kéèyàn fi iye tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ jẹun, kójú má tì í. Màmá kan wà ní Bódìjà níbí tó ń ṣe é dáadáa, ó ti ya pọ̀nmọ́ kéékèèké sọ́tọ̀ nínú abọ́ kan, ẹran ńlá wà nínú òmíì, ọlọ́kadà á wọlé, á ní "Màmá, àmàlà 400, pọ̀nmọ́ 200, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí gbẹ̀gìrì pọ̀," màmá ò sì ní wò ó tìkà-tẹ̀gbin, bó ṣe ń bu ti ẹni tó jẹ ẹran mẹ́ta náà ló ń bu tiẹ̀, pàápàá ewédú tí kì í wọ́n lásìkò òjò. Èrò ibẹ̀ ò dín kù rárá.

Tòmátì ńkọ́? Tó bá ti wọ́n, ẹ jẹ́ kí tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ dín in dáadáa. Ayamáṣe gan-an ò lo tòmátì, irú ló fi ń ta sánsán. Ẹ má sì sè ju ohun tó máa tán lọ, torí epo tẹ́ ẹ máa rọ sí jẹnẹrétọ̀ nítorí ọbẹ̀ àná tó wà nínú firísà, èrè òòjọ́ yín ló ń jẹ.

Èlùbọ́ ló wà lọ́kàn mi jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣu pọ̀, tí oòrùn ń ràn, làwọn ará Ṣakí àti Ìgbòho ní Òkè-Ògùn ń sá a, ìgbà yẹn ló máa ń rọjú, tí òjò bá ti dé iṣu á wọ́n, sísá náà á dìṣòro, owó á sì fò sókè. Kì í tètè bà jẹ́ tó bá gbẹ dáadáa tí kòkòrò ò sì ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni kan lè má lágbára àtira àpò rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tí ẹ̀yin mẹ́rin márùn-ún tẹ́ ẹ fọkàn tán ara yín bá ń dájọ láti ìsinsìnyí, ẹ lè jọ háyà ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ògùn tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn.