Ìsàlẹ̀ Pósítà Ni Mo Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Sátidé, oṣù Kejì, 2026

Ìròyìn eré ti kún fóònù mi láti àárọ̀. Download, àjọ̀dún orin rọ́ọ̀kì ńlá ní England, ti kéde àwọn ẹgbẹ́ àgbà ọdún yìí: Limp Bizkit, Guns N' Roses àti Linkin Park ni wọ́n kọ ní lẹ́tà gàdàgbà sókè fún oṣù Kẹfà ní Donington. Warped Tour, àjọ̀dún orin punk ti Amẹ́ríkà, náà ti gbé tirẹ̀ jáde, ìlú márùn-ún lọ́tẹ̀ yìí: Washington, Long Beach, Montreal, Mexico City àti Orlando. Àbúrò mi kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wo iná!" Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, n ò tíì bọ́ bàtà.

Èmi kì í ka pósítà eré láti òkè. Orúkọ tó bá wà lókè, kò sí bí n ò ṣe ní gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ò ní jẹ́ kí n sinmi. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré débi pé màá fi ìka méjì fẹ ojú fóònù, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ẹgbẹ́ tó máa kọrin láàárọ̀ fún ìwọ̀nba èèyàn tí oorun ṣì wà lójú wọn. Ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń rí ẹni tí màá tìtorí ẹ̀ jáde nílé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa Warped nìyẹn. Láti 1995 tí Kevin Lyman ti dá a sílẹ̀, wọn kì í sọ aago tí ẹnikẹ́ni máa gun orí ìtàgé ṣáájú. Àárọ̀ ọjọ́ eré gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sára pátákó. Bí o bá ní ẹni tí o fẹ́ rí, tètè dé ni o, torí wọ́n lè fi ògbólógbòó sí ọ̀sán gangan kí wọ́n fi ọmọ tuntun sí ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ń kiri gbogbo Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan máa ń wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹran sísun ló fi ń san owó ọkọ̀: tí wọ́n bá kọrin tiwọn tán, àwọn ló ń dáná fún àwọn olórin àti òṣìṣẹ́ lálẹ́. Ta ló wá sọ pé àwọn èèyàn yìí ò mọ òde é ṣe?

Ọdún 2018 ni Warped gba gbogbo Amẹ́ríkà kọjá kẹ́yìn. Wọ́n ṣe díẹ̀ ní 2019, ó dákẹ́, ó tún jí ní 2025 ní ìlú mẹ́ta, ọjọ́ méjìméjì. Inú mi dùn pé ó padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà kan, òun ló ń wá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ sí ìgbèríko tó ń gbé. Ní báyìí, ìwọ lo máa wá a lọ. Owó ìrìn-àjò ti kúrò lọ́rùn olórin, ó ti bọ́ sọ́rùn òǹwòran.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, punk ni orin kúkúrú, kíákíá, tí ẹni tó mọ kọ́ọ̀dù gìtá mẹ́ta lè fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Hardcore mú un le sí i. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Amẹ́ríkà po hardcore yìí mọ́ gìtá wúwo ti metal, òun ló di metalcore. Ibi tó ń mú mi jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní breakdown: eré á ti máa sáré bọ̀, lójijì ìlù á fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, gìtá á wá máa já lulẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti fúji mọ́jú rí á mọ ohun tí mò ń sọ: ìgbà tí ọ̀gá bá gbé ọwọ́ sókè, tí àwọn onílù yòókù dákẹ́, tó ku gángan kan ṣoṣo, tí gbogbo agbo sì mọ̀ pé ijó gan-an ló kù yìí.

Màámi ò gbà. Ní ìparí 2024, Knocked Loose, ẹgbẹ́ metalcore àwọn ọmọ Kentucky, lọ kọrin pẹ̀lú akọrin obìnrin kan, Poppy, lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Jimmy Kimmel, àwọn òbí kan sì figbe ta pé wọ́n dẹ́rù ba àwọn ọmọ àwọn. Mo fi fídíò náà han Màámi. Wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Ọmọkùnrin tó ń pariwo yìí, ṣé inú ń bí i ni, àbí ara rẹ̀ ò yá?" Mo ní inú ló ń bí i, Mà. Wọ́n ní, "Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?" N ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní tí mo bá pàdé rẹ̀, kí n bá àwọn kí ìyá ẹ̀.

Gbọ̀ngán kan wà tí ojú mi máa ń dúró lé tí mo bá ń ka ọjọ́ eré London tí mò ń gbé: Brixton Academy. Ẹgbẹ́ tó bá ti ju gbọ̀ngán kéékèèké lọ, tí kò sì tíì tó pápá ńlá, ibẹ̀ ló ń lọ. Ó ń gba èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5,000. Ṣùgbọ́n tí o bá dá orúkọ ibẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá ní London, orin gìtá kọ́ ló máa wá síni lọ́kàn. Alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2022 ni. Asake fẹ́ kọrin níbẹ̀ fún alẹ́ kẹta, èrò ya lu ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Èèyàn méjì kú, ẹnì kan tó wá wòran àti ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa títí di oṣù Kẹrin 2024, kí wọ́n tó sì ṣí i, ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth fi àṣẹ 77 lélẹ̀ fún wọn. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹgbẹ́ metalcore tó yẹ kó wọ Brixton ń wá ibòmíràn lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi òyìnbó ń kùn pé kò sí gbọ̀ngán tó ṣe déédéé mọ́. Èmi ń rò ó pé àwọn tó wà níta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èdè tí mò ń sọ nílé ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Agbo méjèèjì tí mo wà nínú wọn ò mọra, ilẹ̀kùn kan náà ni wọ́n sì ń bá wọlé.

Nínú pit, ìyẹn agbo ijó iwájú ìtàgé tí a ti ń fara gbá ara wa, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ẹni bá ṣubú, ẹ gbé e dìde kíá. Mo ti ṣubú rí, ọwọ́ ti dì mí mú lábẹ́ apá méjèèjì kí n tó mọ̀ pé mo ti nalẹ̀. Mo máa ń fi òfin yìí yangàn tí wọ́n bá ní orin wa jẹ́ ti oníjàgídíjàgan. Ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tóóró tí èèyàn ò ti lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ibẹ̀, iṣẹ́ ẹni tó ni ilé ni.

Ọ̀rọ̀ físà tún ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké níbí. Láti oṣù Kẹrin 2024, owó ìwé tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ń san kí wọ́n tó lè ṣeré ní Amẹ́ríkà ti gun láti dọ́là 460 sí 1,015, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, epo àti ibi tí wọ́n máa sùn. Àwa tí a ti fi àárọ̀ kùtù tò rí fún físà Amẹ́ríkà ní Walter Carrington ní Lagos, ẹ̀rín ló ń pa wá díẹ̀. Ẹ káàbọ̀ o.

Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí náà. Bad Brains, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin láti Washington, jazz ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí sí punk ní ìparí àwọn ọdún 1970. Wọ́n wọ bàálù wá sí London ní 1979 kí wọ́n lè bá The Damned, ẹgbẹ́ punk ti England, rìn, wọn ò ní ìwé àṣẹ iṣẹ́, wọ́n dá wọn padà láti pápákọ̀ òfuurufú. Bẹ́ẹ̀, Liverpool ni wọ́n ti bí H.R. tó ń kọrin fún wọn! Ní 1982, wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde, kásẹ́ẹ̀tì nìkan, orin tó ń sáré bí ẹ̀mí àti règé tó rọra ń rìn nínú ẹyọ kan náà. Ẹni tó bá ń sọ fún mi pé orin òyìnbó ni mò ń gbọ́, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Mo sì ń rí àwọn orúkọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Big Joanie, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe punk ní London láti 2013, mo rí Estella Adeyeri, mo tún un kà sókè nínú bọ́ọ̀sì. Adéyẹrí! Amy Love ti Nova Twins náà ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà lára, àwo wọn sì wọ àkójọ Mercury Prize, ẹ̀bùn àwo tó dára jù lọ́dún níbí, ní 2022. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ Arka'n Asrafokor ń fi èdè Ewe kọ metal ní Lomé. Àwo wọn ti 2024 ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, agogo ilẹ̀ wa ń dún kedere láàárín gìtá. Tí mo bá ń wo ìsàlẹ̀ pósítà, irú wọn ni mò ń wá.

Àmọ́ kí ẹgbẹ́ tó dé ìsàlẹ̀ pósítà, ó ní láti ti inú yàrá kékeré kan jáde, àwọn yàrá yẹn sì ń kú. Ní 2023 nìkan, Music Venue Trust, àjọ tó ń gbèjà àwọn yàrá eré kéékèèké, ka 125 tó kógbá sílé ní Bìrìtìkó. Ẹgbẹ́ Enter Shikari ló kọ́kọ́ wú mi lórí lórí ọ̀rọ̀ yìí: nígbà tí wọ́n ṣeré ní àwọn gbọ̀ngán ńlá ní 2024, wọ́n yọ pọ́n-ùn kan lára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan fún àwọn yàrá kéékèèké. Kí ni pọ́n-ùn kan? Ó dùn mí pé gbogbo àwọn àgbà kọ́ ló ń ṣe é.

Tèmi ni New Cross Inn, kò jìnnà sí Peckham. Ilé ọtí ni, ìtàgé rẹ̀ ò ga ju orókún lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo lójú rẹ ló máa tún dúró lẹ́yìn tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, tí òógùn ń kán, táá máa tú T-shirt wò bóyá sáìsì rẹ ṣì kù. Mo máa ń ra ọ̀kan, torí owó yẹn ló ń gbé bọ́ọ̀sì wọn dé ìlú kejì. Lẹ́yìn eré, mo máa ń lọ jẹ súyà ní Peckham, etí mi á ṣì máa hó yeee, ọmọ alásùúyà á máa bi mí ní ìbéèrè, èmi á kàn máa mi orí.

Àbúrò mi ti pè lẹ́ẹ̀kan sí i: ṣé kí òun ra tíkẹ́ẹ̀tì Download tèmi mọ́ tòun? Mo ṣírò owó ibẹ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, mo wo iye alẹ́ New Cross tó máa rà fún mi, mo ní kó máa lọ. Ó ní inú àgọ́ la máa sùn, pé ìgbádùn ni. Ẹ̀yìn mi ò gba àgọ́ mọ́.