Ẹ Bi Dátábéèsì Léèrè Orúkọ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kan Kóòdù

Kò sí ohun tó ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ dátábéèsì (ibi tí áàpù ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí nínú tábìlì) fẹ́ la kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ojú ìwé bá ń sọ pé "Ó ti wọlé" tí tábìlì sì ṣófo. Ẹ kún fọ́ọ̀mù, ẹ tẹ bọ́tìnì, àmì aláwọ̀ ewé yọ, error kankan ò sí. Ẹ ṣí tábìlì wò, ìlà kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Ẹ tún un kún, ó tún ní ó ti wọlé. Ẹ tún wò ó, òfìfo ni. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn ba iṣẹ́ jẹ́, torí kóòdù tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń kọjú sí. Wọ́n á yí INSERT (àṣẹ tó ń fi ìlà tuntun sínú tábìlì) padà, wọ́n á pa tábìlì rẹ́, wọ́n á tún un dá, wọ́n á lọ ṣẹ̀dà kóòdù ẹlòmíì wá lé tiwọn lórí. Nígbà tílẹ̀ bá fi máa ṣú, àléébù mẹ́ta ló máa wà níbi tí ẹyọ kan wà láàárọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo dì mú ju gbogbo ìyókù lọ nìyí: ẹ kọ́kọ́ bi dátábéèsì pé, ìwọ ta ni, ibo lo wà? Ẹ má kàn wo fáìlì config (ibi tí ẹ kọ àdírẹ́sì dátábéèsì sí) kí ẹ sì gbà á gbọ́. Inú áàpù ni ìbéèrè yẹn ti gbọ́dọ̀ jáde, lórí ìsopọ̀ kan náà tó ń ṣe INSERT, ní ìlà kan ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ sínú log (àkọsílẹ̀ ohun tí áàpù ń ṣe).

Fún MySQL (ọ̀kan nínú oríṣi dátábéèsì mẹ́ta tí mo máa mẹ́nu bà): SELECT DATABASE(), CURRENT_USER(), @@hostname, @@port;

Fún PostgreSQL: SELECT current_database(), current_user, inet_server_addr(), inet_server_port(); (bí méjì tó kẹ́yìn bá jẹ́ NULL, ìyẹn òfìfo, socket lẹ gbà wọlé nìyẹn: ọ̀nà inú ẹ̀rọ kan náà tí kò gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.)

Fún SQLite: PRAGMA database_list, òun ló máa kọ ọ̀nà fáìlì náà láti orí dé ìdí.

Ẹ wá lọ sí fèrèsé tí ẹ ti ń wo tábìlì, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà, kí ẹ gbé ìdáhùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọn ò bá bára mu, INSERT yín ò ní ẹ̀bi kankan. Dátábéèsì kan lẹ ń kọ ọ̀rọ̀ sí, òmíràn lẹ ń kà.

SQLite ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Python bá rí sqlite3.connect("data.db"), kì í wá fáìlì náà nínú fódà tí kóòdù wà. Fódà tí ẹ dúró sí nínú terminal nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ áàpù ló ń wò. Bí kò bá sì rí i níbẹ̀, kò ní ké. Á dá fáìlì tuntun tó ṣófo sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tí orí bá bá yín ṣe é, ẹ máa rí "no such table: users", ẹ ó sì mọ̀ pé nǹkan ń bẹ. Ṣùgbọ́n bí CREATE TABLE IF NOT EXISTS bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ kóòdù yín, error yẹn pàápàá ò ní yọ: tábìlì tuntun á dìde nínú fáìlì tuntun, ọ̀rọ̀ yín á máa wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, fáìlì tí ẹ ṣí sílẹ̀ tí ẹ ń wò kò sì ní yí padà láéláé. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: Path(__file__).resolve().parent / "data.db". Ó tán.

Ti MySQL àti PostgreSQL, sáfà méjì lórí ẹ̀rọ kan ló sábà máa ń fà á. Ọ̀kan wọlé nígbà tí ẹ ń fi nǹkan mìíràn sórí ẹ̀rọ, èkejì wà nínú Docker (ètò tó ń fi áàpù sínú àpótí tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní container). 3306 ni ojú ọ̀nà (port) MySQL, 5432 ni ti PostgreSQL. Bí sáfà kan bá ti gba èyí, èkejì sábà máa ń wà lórí 3307 tàbí 5433. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà localhost (orúkọ tí ẹ̀rọ fi ń pe ara rẹ̀). Lórí Linux àti Mac, tí ẹ bá fún MySQL ní localhost, socket ló sábà máa ń gbà, nọ́ńbà port tí ẹ fara balẹ̀ kọ kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ kọ 127.0.0.1 tí ẹ bá fẹ́ kó ka port. Nínú container Docker, localhost ni container yẹn fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ yín. Orúkọ service tó wà nínú fáìlì compose (ibi tí ẹ to àwọn container yín sí) lẹ máa kọ, bíi db, pẹ̀lú port ti inú, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣí síta.

Fáìlì .env (ibi tí áàpù ti ń ka nǹkan bíi àdírẹ́sì àti páswọ́ọ̀dù dátábéèsì) náà ń kó bá èèyàn. Ẹ yí i padà, ẹ ò tún áàpù bẹ̀rẹ̀, ti àtijọ́ ló ṣì ń lò. Tàbí kẹ̀, orúkọ kan náà ti wà nínú shell (terminal) yín tẹ́lẹ̀: python-dotenv àti dotenv ti Node, àwọn tó ń bá áàpù ka .env, kì í gba ipò lọ́wọ́ èyí tó ti wà ńlẹ̀, àfi tí ẹ bá sọ pé kí wọ́n gbà á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ORM àwọn (irinṣẹ́ tó ń bá kóòdù kọ àṣẹ dátábéèsì) ló ń bójú tó gbogbo ìyẹn. Mi ò bá ORM jà. Ibi tí ẹ bá darí ORM sí náà ló máa kọ̀wé sí, kò mọ èyí tó wù yín.

Bí orúkọ bá bára mu tí òfìfo ṣì wà, commit (àṣẹ tó ń fìdí ohun tí ẹ kọ múlẹ̀) ló kù. Módù sqlite3 ti Python àti psycopg2 (èyí tí Python fi ń bá PostgreSQL sọ̀rọ̀) máa ń ṣí transaction (iṣẹ́ tí kò tíì múlẹ̀ títí commit á fi dé) fúnra wọn, bí conn.commit() kò bá tẹ̀lé e, gbogbo ohun tí ẹ kọ á dànù nígbà tí ìsopọ̀ bá pa. Ìsopọ̀ tó kọ ọ́ lè rí ìlà náà kí ó tó dànù, ìdí nìyẹn tí ojú ìwé fi lè fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan kó tó pòórá. Àmì tí ẹ fi máa dá a mọ̀ ni nọ́ńbà id. Nínú MySQL àti PostgreSQL, nọ́ńbà tí INSERT kan bá ti gbà kì í padà bí wọ́n bá tilẹ̀ da INSERT náà nù. Nítorí náà, bí ìlà àkọ́kọ́ tó wọlé dáadáa bá jẹ́ id 4, mẹ́ta ti gba ibẹ̀ kọjá láìní commit.

Ẹ wá ka error tó bá yọ dópin. "Connection refused" túmọ̀ sí pé ẹ kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni nílé. "Access denied" túmọ̀ sí pé onílé dáhùn, ó ní òun ò mọ̀ yín. Àtúnṣe wọn kò jọra rárá. Nínú error 1045 ti MySQL, ẹ wo ìparí: "using password: NO" ń sọ pé páswọ́ọ̀dù yín ò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ lọ wo config, YES ń sọ pé ó dé, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé àkáǹtì tó wà fún ibi tí ẹ ti ń wọlé kọ́ lẹ dá. 'akowe'@'localhost' àti 'akowe'@'%' jẹ́ àkáǹtì méjì lójú MySQL. Ní ti PostgreSQL, bó bá ní "current transaction is aborted", error yẹn kọ́ ni error. Ẹ gòkè nínú log, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló ni ẹ̀bi.

Ẹ má sọ tábìlì ní user nínú PostgreSQL. SELECT * FROM user kò ní fún yín ní error o, ìlà kan ló máa dá padà, orúkọ ẹni tó wọlé sí dátábéèsì ni yóò sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ó máa ṣe kàyéfì pé ta ló wọ inú tábìlì yín. Ẹ lo users.

Nípa fífi àmì + so ọ̀rọ̀ mọ́ query (àṣẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí dátábéèsì): orúkọ kan bíi O'Brien ti tó láti fọ́ ọ, olè sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ lo placeholder (àmì tó di ààyè mú fún ọ̀rọ̀ náà): ? fún sqlite3, %s fún psycopg2, $1 fún pg ti Node. Ẹ má fi àmì ọ̀rọ̀ yí i ká, torí '?' á di àmì ìbéèrè lásán. Bí ẹ bá sì rí i pé sqlite3 ń sọ pé query ń fẹ́ ẹyọ 1, àmọ́ 4 lẹ fún òun, ẹ ka lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ tí ẹ fún un. (oruko) lẹ kọ, kì í ṣe (oruko,). Láìsí kọ́mà yẹn, Python ka "Bola" sí lẹ́tà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá sínú dátábéèsì, ẹ gbọ́ eléyìí. Bí ẹ bá rí áº¹ níbi tí ẹ kọ ẹ sí, ọ̀rọ̀ UTF-8 ni, ẹnì kan lójú ọ̀nà ló kà á bíi Latin-1 (ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà nìwọ̀nyí); ìsopọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, nítorí náà ẹ fi charset=utf8mb4 sí DSN ti PDO (ìlà ìsopọ̀ tí PHP fi ń wọ dátábéèsì). Ohun tí MySQL ń pè ní utf8 kò gbà ju báìtì 3 lọ fún lẹ́tà kan. Ẹ, ọ àti ṣ jẹ́ báìtì 3, wọ́n á wọlé, ọkàn yín á balẹ̀, títí ẹnì kan á fi fi emoji ránṣẹ́, tí gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Láti MySQL 8.0 ni utf8mb4 ti di èyí tí MySQL ń lò bí ẹ ò bá yan òmíràn, ṣùgbọ́n tábìlì àtijọ́ ṣì wà bó ṣe wà. Ohun kejì: è lè jẹ́ kóòdù kan, ó sì lè jẹ́ e àti àmì lọ́tọ̀. Ojú ò lè dá wọn mọ̀, àmọ́ PostgreSQL kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà, ìwákiri á sì kùnà. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC (ìlànà tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ di kóòdù kan níbi tó bá ṣeé ṣe) kí ẹ tó fi pamọ́ àti kí ẹ tó wá a.

Bí páswọ́ọ̀dù tó tọ́ kò bá jẹ́ kéèyàn wọlé, ẹ wo fífẹ̀ kọ́lọ́ọ̀mù. Àmì 60 ni hash ti bcrypt (páswọ́ọ̀dù tí wọ́n ti yí padà kó má ṣeé kà). MySQL tí kò sí ní strict mode (ipò tí kì í gba ọ̀rọ̀ tó gùn jù) á gé e sínú VARCHAR(50) láìsọ̀rọ̀. Ẹ fún un ní 255. Nọ́ńbà fóònù kò gbọ́dọ̀ jẹ́ INT, òdo iwájú á lọ. Bí ẹ bá ń wá NULL, IS NULL lẹ máa kọ, kì í ṣe = NULL.

UPDATE láìsí WHERE ńkọ́? Gbogbo ìlà ló máa yí padà. Ẹ kọ BEGIN, ẹ fi SELECT dán WHERE náà wò, ẹ ka iye ìlà, ẹ ṣe UPDATE, ẹ wò bóyá iye yẹn náà ló sọ, kí ẹ tó kọ COMMIT. Kí ẹ sì tó kọ BEGIN pàápàá, ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀, torí ti àdánwò àti ti àwọn oníbàárà máa ń jọra bí ìbejì lójú terminal. Nínú ètò mysql, ẹ kọ prompt \u@\h [\d]> kí orúkọ náà máa wà níwájú yín ní gbogbo ìgbà.

Èyí tó kù ni "Too many connections". 151 ni MySQL ń gbà bí ẹ ò bá yí i, 100 ni PostgreSQL. Ẹ má sáré lọ fi kún un. Nínú MySQL, ẹ kọ SHOW PROCESSLIST kí ẹ rí àwọn ìsopọ̀ tó wà ńlẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ń sùn, tí Sleep wà lára wọn, ẹ wá ibi tí connect() wà nínú kóòdù yín. Bí request kọ̀ọ̀kan bá ń pè é láìsí close() àti láìsí pool (àkójọ ìsopọ̀ tí ẹ ń tún lò léraléra), ibẹ̀ ni ihò wà.